Ìrísí Kòkòrò HIV: Ohun tó ń dí àwọn olùwádìí abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́

Láti ọdún 1983 tí wọ́n ti ṣàwárí kòkòrò àrùn HIV, kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tí a fọwọ́ sí láti dènà rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ìdí rẹ̀ ni ìrísí àwọn purotéènì tó wà lára kòkòrò náà.

Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọ inú ara, ara a máa pèsè àwọn èròjà agbógunti àrùn. Èròjà kọ̀ọ̀kan ní ojú ibi pàtó tó máa ń dì mọ́ lára kòkòrò, gẹ́gẹ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo tirẹ̀ nìkan mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èròjà tó bá dì mọ́ kòkòrò ló ń sọ ọ́ di aláìlágbára.

Àpẹẹrẹ ẹ̀kọ́ yìí hàn lára purotéènì tí wọ́n ń pè ní gp41, èyí tí HIV fi ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Ní ọdún 1993, àwọn olùwádìí ní ìlú Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, fi hàn pé èròjà kan tó ń jẹ́ 2F5 a máa dì mọ́ ègé kékeré kan lára gp41, tí a ń kọ báyìí: ELDKWA. Ègé náà kì í sábà yí padà láti ẹ̀yà HIV kan sí òmíràn.

Àwọn olùwádìí wá ṣe irú ègé bẹ́ẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì fi í gún àwọn ẹranko. Ara ẹranko náà pèsè èròjà tó dì mọ́ ègé yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè dá HIV dúró.

Kí ló fà á? Gèlè tí a ká sínú àpótí àti èyí tí a wé sórí lè jẹ́ aṣọ kan náà, ṣùgbọ́n ìrísí wọn kò dọ́gba. Bí ègé purotéènì bá dá wà nínú omi, kò ní ìrísí kan pàtó. Lára kòkòrò, ó fara ti awọ ọlọ́ràá tó bo kòkòrò náà. Ìrísí tí kò tọ́ ni ara àwọn ẹranko náà kọ́ láti dá mọ̀.

Ìwádìí tún fi hàn pé 2F5 ní apá gígùn kan tí orí rẹ̀ kì í fọwọ́ kan ègé náà rárá. Nígbà tí wọ́n yí orí apá yìí padà, 2F5 ṣì ń dì mọ́ ègé náà, àmọ́ agbára rẹ̀ láti dá kòkòrò dúró dínkù gidigidi.

Nítorí náà, wọ́n gbé ègé náà sórí èérún ọ̀rá. Wọ́n dán irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ wò lára 20 ènìyàn nínú ìwádìí HVTN 133 tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2019. Wọ́n dá a dúró nígbà tí ara ẹnì kan kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò la ẹ̀mí lọ. Àbájáde tó jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé ara àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè irú èròjà tí a ń wá.

Kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dé, ṣíṣe àyẹ̀wò, lílo rọ́bà ìdáàbòbò àti lílo oògùn déédéé ni ọ̀nà tó dájú láti dènà ìtànkálẹ̀ HIV.