IPÒ OLÓRÍ KÌ Í ṢE Ọ̀ṢỌ́
Ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Síkáòtù wa àti àwọn àgbà tí ń bójú tó wọn

Ibi kíkà: Ìṣe àwọn Àpósítélì 13:1–13, 15:36–41, II Tímótì 4:11.

Ní irú ọjọ́ báyìí, àwọn ọmọ wa a wọ kákí, wọn a so sícáfù mọ́rùn, wọn a tò lẹ́sẹẹsẹ, inú gbogbo wa a sì dùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: bí a bá fi ọmọ ọdún 16 ṣe olórí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí kò sì ṣe iṣẹ́ tí a fún un, kí ni kí á ṣe?

I. Ọ̀dọ́ lè gbé ẹrù

Àwọn kan á ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ọmọdé ni.” Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn. Ní 1907, ọ̀gágun Baden-Powell kó bí ogún ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, ó fi ọmọkùnrin kan ṣe olórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ní olórí náà ni yóò dáhùn fún ìwà àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ètò Síkáòtù ti bẹ̀rẹ̀. Ó dé Nàìjíríà ní 1915.

Àwa Aládùúrà kò tilẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní èyí. Ọmọ ọdún 17 ni Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ní 1925, nígbà tí òun àti Mósè Orímóládé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti jáde ní Èkó. Ẹni tó bá ní ọ̀dọ́ kò lè gbé ẹrù, kó lọ bi ìtàn ìjọ wa.

II. Ọmọ ọlọ́mọ ni

Ká sọ pé àwọn ọmọ wa gbéra láti Ìlaròó, wọ́n fẹ́ lọ pàgọ́ lápá Ayétòrò. A fi ọmọ méje sábẹ́ olórí kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kà wọ́n kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ó kà wọ́n létí odò, kí ó kà wọ́n kí wọ́n tó sùn. Bó bá lọ jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ní wọ́n pé láìkà wọ́n, ta ni yóò mọ̀ pé ọ̀kan ti ṣubú sódò? Bí owó ẹgbẹ́ bá sọnù, a lè dá a. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá sọnù, kí la ó kó fún ìyá rẹ̀?

Nítorí náà ni a kò fi gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹni tí kò ka ọmọ lónìí, tí gbogbo wọn sì délé ní àlàáfíà, kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló bò ó. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí á pè é.

III. Ẹ̀kọ́ lára Máàkù

Ọ̀dọ́ ni Jòhánù tí àpèlé rẹ̀ ń jẹ́ Máàkù nígbà tó bá Pọ́ọ̀lù àti Bánábà lọ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé Pẹ́gà, ó fi wọ́n sílẹ̀, ó padà sí Jerúsálẹ́mù. Bíbélì kò sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún lọ, Bánábà ní kí wọ́n mú un, Pọ́ọ̀lù kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run méjèèjì fi pínyà.

Ẹ wò ó dáadáa. Pọ́ọ̀lù kò ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bánábà náà kò jù ú nù, ó mú un lọ sí Kípírọ́sì. Máàkù fúnra rẹ̀ kò bínú kúrò nínú iṣẹ́ Olúwa. Ní ìgbẹ̀yìn, Pọ́ọ̀lù kan náà ló ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú Máàkù wá, nítorí ó wúlò fún òun. Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì ba ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ Pọ́ọ̀lù àti ọwọ́ Bánábà ló pé lára Máàkù.

IV. Bí ó ti yẹ kí á ṣe é

1. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà yé ọmọ. “Máa bójú tó wọn” kò tó. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ àti àkókò sínú ìwé fún un.

2. Kí àgbà kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè. Ṣé a kọ́ ọ? Ṣé ọ̀gá tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó ráyè lọ́jọ́ Sátidé? Ṣé ó ń múra ìdánwò ni?

3. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ má ṣe dójú tì í níwájú ìjọ.

4. Bí kò bá yí padà, kí ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn olórí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ètò Síkáòtù fún wọn láyè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ẹni a máa wọni létí.

5. Bó bá di dandan, kí ó fi ipò sílẹ̀ fún ìgbà kan, kí á sì sọ ohun tí yóò ṣe kó tó padà sí i. Láàárín àkókò náà, kí á má ṣe fi iṣẹ́ kékeré dù ú.

Ohun méjì ni kí á ṣọ́ra fún. Èkíní, ojúsàájú. Ohun tí a ṣe fún ọmọ opó ni kí á ṣe fún ọmọ Alàgbà. Ẹ rántí Élì, tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò sì dá wọn lẹ́kun (I Sámúẹ́lì 3:13). Èkejì, kí á má ṣe fi ìran bo ohun tó yẹ kí á fẹnu sọ. Bí ọmọ kò bá wá sípàdé, ẹ sọ fún un pé kò wá. Ẹ má ṣe ní a rí ẹ̀mí kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má ṣe rò pé ẹni tó ń bi yín léèrè kórìíra yín. Ẹni tí a kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ni a kì í bi.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Kí ló mú kí Pọ́ọ̀lù kọ̀ láti mú Máàkù lọ?
(b) Ta ni Bánábà nínú ìjọ wa lónìí?
(d) Iṣẹ́ wo la fi lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́ tí a kò tíì bi í léèrè láti ọdún tó kọjá?

Àdúrà: Olúwa, fún àwọn ọmọ wa ní ọkàn tó ń jíṣẹ́, kí o sì fún àwa àgbà ní ìgboyà láti béèrè àti ìfẹ́ láti gbà wọ́n padà. Àmín.