Oúnjẹ Kí Ìṣẹ́gun Tó Dé

Bíbélì Kíkà: Àwọn Onídàájọ́ 8:4-17
Àkọ́sórí: Àwọn Onídàájọ́ 8:4 (ẹ ṣí Bíbélì yín, kí gbogbo ilé kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta)

Ọ̀pọ̀ wa mọ ìtàn Gídíónì dé ibi ìkòkò àti ìpè. A mọ̀ nípa 300 ọkùnrin, a mọ̀ bí àwọn ará Mídíánì ṣe ń fi idà pa ara wọn lóru. Ibẹ̀ ni ìwàásù wa máa ń parí sí, a ó sì pariwo Halelúyà. Ṣùgbọ́n Bíbélì kò parí rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọba Mídíánì méjì, Séba àti Sálmúnà, ti sá lọ pẹ̀lú nǹkan bí 15,000 ọmọ ogun. Àwọn 300 yẹn náà ló tún ń lé wọn. Wọ́n ti la odò Jọ́dánì kọjá, ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, wọn kò sì dúró.

Wọ́n dé ìlú Súkótù, Gídíónì bẹ àwọn àgbà ìlú pé kí wọ́n fún àwọn ènìyàn òun ní búrẹ́dì. Ẹ wo èsì wọn ní ẹsẹ 6. Wọ́n bi í bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ àwọn ọba náà, tí ó fi ń wá oúnjẹ. Lédè tiwa, wọ́n ní: lọ ṣẹ́gun ná, lẹ́yìn náà kí o wá jẹun. Ó kọjá sí Pénúélì, ọ̀rọ̀ kan náà ló bá níbẹ̀. Ẹ má rò pé ìkà ni àwọn àgbà wọ̀nyí lójú ara wọn. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Ta ni yóò fi 300 ènìyàn tí ebi ń pa wé 15,000?

Ẹ jẹ́ kí n fi bọ́ọ̀lù ṣàlàyé rẹ̀, nítorí Ajégúnlẹ̀ ni a wà, àti ọmọdé àti ìyá àgbà ló mọ bọ́ọ̀lù níbí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin wa, Super Falcons, gbá àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Rabat pẹ̀lú Mòrókò. Wọ́n ti jẹ góòlù méjì sí wa kí a tó jẹ ẹyọ kan. Ní ìdajì kejì, Ọlọ́run dá wọn lọ́lá, ó di 3-2, ife wọn kẹwàá nìyẹn. Wọ́n padà dé Àbújá, Ààrẹ fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní owó tó tó dọ́là 100,000, pẹ̀lú ilé oníyàrá mẹ́ta àti oyè orílẹ̀-èdè. Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún rántí pé ní ọdún 2016, tí wọ́n gba ife yìí kan náà ní Kamẹrúùnù, wọ́n ní láti wọ́de ní Àbújá kí wọ́n tó rí owó tó tọ́ sí wọn. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti borí, kí ni ẹni tí kò tíì borí yóò rí gbà?

Àwọn wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ rò lónìí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ife yẹn, Falcons ní láti bá àwọn ọmọbìnrin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gbá á ní ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí ìdíje ti ọdún 2026. Bẹ̀nẹ̀ tí à ń pè ní Kutonu yìí náà ni, níbi tí àwọn ará wa ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà. Gbogbo ènìyàn ibẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti Nàìjíríà. Ikọ̀ obìnrin wọn kò tíì dé ìdíje náà rí títí di ìgbà yẹn. Èyí tó yẹ kí wọ́n gbá nílé wọn, ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ti gbá a, ní Lómè, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá. A jẹ góòlù méjì sí wọn, wọn kò jẹ ọ̀kan.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wá sí pápá M.K.O. Abíọ́lá ní Abẹ́òkúta. Amazones ni ìnagijẹ ikọ̀ náà, orúkọ tí òyìnbó fi ń pe àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì láyé ọjọ́un. Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá tó wà láàrin wa mọ ìtàn yẹn: ní 1851 àti 1864 ni ogun Dàhòmì wá ká Abẹ́òkúta mọ́lé, tobìnrin tọkùnrin, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni a sì lé wọn padà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n gbé wá lọ́tẹ̀ yìí! Nàìjíríà ló kọ́kọ́ jẹ góòlù. Ó di mẹ́ta sí òdo ní àpapọ̀, lórí ilẹ̀ àlejò, níwájú ẹni tó gba ife gbogbo Áfíríkà. Ta ni yóò bá wọn wí bí wọ́n bá ń wo aago nìkan? Wọn kò wo aago. Wọ́n jẹ góòlù kan padà, eré náà sì parí sí ọ̀mì, 1-1.

Ará, wọn kò borí o. Ní àpapọ̀, 3-1 ni. Nàìjíríà ló gba ààyè, Bẹ̀nẹ̀ padà sílé. Dọ́là kò sí níbẹ̀, ilé oníyàrá mẹ́ta kò sí. Ohun tí mo gbọ́ ní ìta láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìbínú àwọn èèyàn wa pé Falcons kò nà wọ́n dáadáa. N kò gbọ́ kí ẹnìkan yin àwọn ọmọbìnrin tí ó ti rẹ̀, tí wọ́n sì ń lé e lọ. Èmi náà kò sọ ọ́.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, arákùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù Apapa mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 14, wá bá mi. Ó ní ẹ̀mí bọ́ọ̀lù ti wọ̀ ọ́, kí n lé e jáde. Pápá Maracana ni ọmọ náà ń lọ láàárọ̀ Sátidé, pápá tí Odion Ighalo ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré kí gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n. Bí Ighalo ṣe ń lọ síbẹ̀, a ní ògo Ajégúnlẹ̀ ni. Ti ọmọbìnrin yìí, a ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo gbàdúrà kíkan kíkan. Bí mo ti ń gbàdúrà, mo la ojú, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀: bàtà kánfáàsì tó wọ̀ sí ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì, ó hàn pé ẹlòmíràn ló ti sọ wọ́n nù. N kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. N kò bi í bóyá ó ti jẹun. Láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ̀ ti ní kó má dé pápá mọ́. Ó ṣì ń wá sí ìjọ fún ìgbà díẹ̀, ó ń jókòó lẹ́yìn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, a kò rí i mọ́. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọmọ náà gan-an ni n kò tíì rí.

Nítorí náà, bí mo bá ń bá Súkótù wí, ara ìlú náà ni èmi tí mò ń sọ ọ́.

N kò sọ pé kí ọmọ fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. N kò sì sọ pé kí ẹ gba gbogbo ẹni tó bá wá sọ pé òun yóò mú ọmọ yín lọ sí Yúróòpù gbọ́. Ẹlẹ́tàn pọ̀ láàrin wọn, ẹ bèèrè ẹni tó jẹ́, ẹ fi ojú ara yín rí pápá, ẹ mọ kóòṣì. (Ti ṣòkòtò péńpé, mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè. Ó di ọjọ́ mìíràn.) Ohun tí mò ń sọ ni pé Gídíónì kò bẹ Súkótù pé kí wọ́n bá òun jà. Búrẹ́dì ló tọrọ. Ẹ wo ẹsẹ 14: nígbà tó ṣẹ́gun padà dé, orúkọ àgbà 77 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ sílẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn ì bá fẹ́ gbé búrẹ́dì jáde.

Ẹ wò yíká yàrá tí ẹ ti ń gbàdúrà yìí. Ta ló ń lépa nǹkan láàrin yín tí kò tíì tẹ̀ ẹ́? Ó lè jẹ́ ọmọ tó ń ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀kẹta. Ó lè jẹ́ ìyàwó yín tó ń jí ní aago mẹ́rin lọ sí ọjà Boundary, tí ọjà kò sì tíì tà. Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin tó fi bàtà tó ti ya pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ẹ má baà rí i.

OHUN ṢÍṢE: Kí ẹ tó jáde láàárọ̀ yìí, ẹ pe ẹni náà ní orúkọ. Ẹ bi í pé, "Báwo ni nǹkan yẹn ṣe ń lọ?" Kí ẹ sì fún un ní oúnjẹ.

ÀDÚRÀ
1. Bàbá, dárí jì mí ní gbogbo ibi tí mo ti ní kí ẹni tí ebi ń pa lọ ṣẹ́gun ná.
2. Olúwa, àwọn ọmọbìnrin wa tó wà ní pápá lónìí, ní Ajégúnlẹ̀, ní Kutonu, ní Lómè, pa ẹsẹ̀ wọn mọ́, pa wọ́n mọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́tàn, ní orúkọ Jésù.
3. Ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ìjọ, tí a kò rí mọ́, Olúwa, níbikíbi tó bá wà, fi ojúrere wá a rí. Ràn án lọ́wọ́. Sì jẹ́ kí a tún rí i.