Àkàrà, ata, bẹ̀nyé: ohun tí orúkọ oúnjẹ ilé ń rántí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, a ti kọ́ ọ nínú ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè gbòòrò, òmíràn sì lè há. Oúnjẹ tí à ń dín nílé ni a fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lónìí.

Ní Kútọ̀nù, ọmọ Yorùbá lè gbọ́ orúkọ mẹ́ta fún ohun kan ṣoṣo láàárọ̀. Ìyá àgbà á ní àkàrà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Fọ̀n á ní ata (etí Yorùbá á kọ́kọ́ gbọ́ ata ọbẹ̀!), olùkọ́ á ní bẹ̀nyé. A kò bá ata jà, ọjà ló pa wá pọ̀. Bẹ̀nyé ló ń kọ wá lóminú. Bí a bá ní àkàrà, a mọ̀ pé ẹ̀wà ni. Bí a bá ní òjòjò, ewùrà ni. Bẹ̀nyé kò sọ ju pé a dín nǹkan nínú epo. Ọmọ tó bá ń fi í pe gbogbo wọn kò ní bi ìyá rẹ̀ léèrè mọ́ pé èwo ni. Lójú tiwa, òjòjò ni yóò kọ́kọ́ sọnù, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni à ń ṣe é.

Àkàrà náà ti gbòòrò rí o. Nínú Bíbélì Yorùbá, àkàrà ìfihàn ni búrẹ́dì tí wọ́n ń tò síwájú Olúwa, kò sì sí ẹ̀wà níbẹ̀. Àwọn Krio ní Sierra Leone ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dín akara tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ ti ẹ̀wà á ní binch akara.

Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá kú, tó fi ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á dín àkàrà, wọ́n á pín in dé ilé àwọn aládùúgbò. Ẹni tó bá gbọ́ pé "wọ́n ń dín àkàrà nílé lágbájá" kò ní béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi bẹ̀nyé rọ́pò àkàrà nínú gbólóhùn yẹn kí ẹ wò ó: oúnjẹ àárọ̀ lásán ló kù, òkú ti jáde kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dé Bahia, ní Brazil, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, tí apá kan nínú Candomblé ṣì ń jẹ́ ti Kétu. Àkàrà di acarajé níbẹ̀, àkàsà di acaçá, abalá di abará. Ohùn ti lọ, sílébù ìkẹyìn ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohùn òkè ló fà á: abalá fi ohùn òkè parí, àkàsà fi ti ìsàlẹ̀ parí, ibì kan náà ni wọ́n sì ti ń tẹ méjèèjì. Ní ti jé, wọ́n máa ń ṣàlàyé pé "jẹ àkàrà" ni. Àlàyé yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn tán, nítorí ọ̀rọ̀ ìṣe wa ló ń ṣáájú àbọ̀. "Ẹ ra àkàrà jẹ" bá gírámà wa mu jù, bí ẹni tó ń kiri ṣe ń gé igbe rẹ̀ kúrú.

Ní 2005 ni ilé iṣẹ́ ìjọba Brazil tí ń jẹ́ IPHAN kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà yìí sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ kan tó ń tà á ní Salvador ń pè é ní bolinho de Jesus, àkàrà Jésù, nítorí oúnjẹ Ọya ni acarajé. Ẹ̀wà kan náà ni, epo pupa kan náà ni. Orúkọ nìkan ni wọ́n yí. Àwọn gan-an mọ ohun tí orúkọ náà ń rántí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yí i.

Iṣẹ́ wa rèé: kí ẹni kọ̀ọ̀kan bi àwọn ìyá rẹ̀ léèrè, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n ń dín, ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n ń dín in. Ẹ fi àmì ohùn sí i.