Ẹ̀rí Onílé Lórí Àlejò Rẹ̀

Ní ọdún 1612, Stephen Bellott pe Christopher Mountjoy, bàbá ìyàwó rẹ̀, lẹ́jọ́ ní Westminster nítorí owó tí ó ní bàbá náà ṣèlérí fún òun nígbà ìgbéyàwó. (Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, bàbá ìyàwó ni í fún ọkọ lówó.) Mountjoy ti gba àlejò kan sílé rí, William Shakespeare kan náà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń ka eré rẹ̀. Joan Johnson, tí ó ti ṣe ìránṣẹ́bìnrin nínú ilé náà, wá jẹ́rìí pé Ọ̀gbẹ́ni Shakespeare tí ó wọ̀ síbẹ̀ ni ó rọ ọkọ náà láti fẹ́ ọmọ náà. Akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, a sì ń kà á títí di òní.

Ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, ì báà ṣe Èmùré-Ilé tàbí etí òkun, onílé ni a ń bi léèrè irú ènìyàn tí àlejò jẹ́. Ṣùgbọ́n níbo ni a kọ èsì rẹ̀ sí?

Ẹ jẹ́ kí a wo Bàdágìrì. Ní ìparí ọdún 1827, Richard Lander dé ibẹ̀, lẹ́yìn tí Clapperton ọ̀gá rẹ̀ ti kú ní Sókótó. Adélé ni ó gbà á lálejò. Adélé pàápàá kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ọba Èkó ni í ṣe kí Òṣìnlókun tó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn Potogí oníṣòwò ẹrú wá jẹ́rìí fún ọba pé amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Lander. Ẹ kíyè sí irú ẹlẹ́rìí tí wọ́n jẹ́: láti ọdún 1807 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ka òwò ẹrú léèwọ̀, ọkọ̀ ogun wọn sì ń mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun. Oúnjẹ wọn ni wọ́n ń gbèjà.

Wọ́n fún Lander ní omi kan mu ní ilé òrìṣà: bí ó bá gbèrò ibi, yóò pa á, bí kò bá gbèrò ibi, kò ní ṣe é ní nǹkan. Ó mu ún, ó yára padà sí ilé tí ó wọ̀ sí, ó sì fi oògùn àti omi gbígbóná bì í jáde. Kò kú. Nígbà náà ni Adélé fún un ní ẹ̀bùn, ó sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe jáde láìmú ohun ìjà lọ́wọ́, kí àwọn Potogí má baà pa á.

Gbogbo èyí, ẹnu Lander ni a ti gbọ́ ọ, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1830. Kò sí akọ̀wé kan tí ó bi Adélé ohun tí òun rí lára àlejò náà kí ó tó fún un ní omi, tàbí lẹ́yìn náà. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àlejò sì ni.

Ní oṣù March, ọdún 1830, Lander tún padà wá sí Bàdágìrì pẹ̀lú John, àbúrò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Adélé kan náà ni wọ́n lọ.