Zobo, Tíì àti Ìgò Olówó Gọbọi

 Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àwọn ohun mímu àti oògùn inú ìgò tí wọ́n máa ń kọ "antioxidant" sí lára. Kò sí ilé ìtajà kan lójú Bissonnet tàbí Fondren tí ẹ ò ní bá a, àwọn kan sì ń gbé e kiri láti ilé dé ilé. Ṣé òótọ́ ni pé ó ń ṣe ara lóore? Ṣé ó sì tó iye tí wọ́n ń tà á?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Bí ẹ bá gé iṣu tí ẹ kò tètè kó o sínú omi, ojú rẹ̀ á dúdú. Bí ẹ bá gbàgbé àdá sínú ìrì, á dógùn-ún. Oxygen inú afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Nínú ara wa náà, bí ara ṣe ń fi oxygen yìí sọ oúnjẹ di agbára, àwọn nǹkan wínníwínní kan máa ń jáde tó lè ba ẹran ara jẹ́. Antioxidant ni ohun tí ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún sójú èso gígé kì í ṣe é jẹ́ kó tètè dúdú. Ara fúnra rẹ̀ ń ṣe tirẹ̀, ewéko náà sì ní tiwọn: àwọ̀ pupa inú zobo, ohun tó ń mú tíì korò, ohun tó pọ́n kárọ́ọ̀tì àti epo pupa, fítámì C inú ọsàn àti àgbálùmọ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ rírò àti èso déédéé ti ń jẹ antioxidant kó tó mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso dáadáa kì í sábà ní àìsàn ọkàn àti jẹjẹrẹ tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Wọ́n wá rò ó pé, bí a bá yọ ohun rere náà jáde, tí a rọ ọ́ sínú hóró oògùn, ṣé kò ní ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Wọ́n dán an wò ní orílẹ̀-èdè Finland lára ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá. Lọ́dún 1994 ni èsì jáde. Àwọn tó ń lo beta-carotene, ìyẹn ohun tó pọ́n kárọ́ọ̀tì, mílígíráàmù 20 lójúmọ́, ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú jù: ó fi ìdá 18 nínú 100 ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbí lára àwọn ènìyàn tó lé ní 18,000, àwọn tó ń mu sìgá tàbí tó ti mu ún rí àti àwọn tí iṣẹ́ wọn mú wọn fa eruku asbestos símú. Wọ́n ní láti dá a dúró ní oṣù kìíní ọdún 1996 nítorí pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀.

Èyí tó kan àwa ọkùnrin dúdú gan-an ni ti fítámì E. Ẹ mọ̀ pé jẹjẹrẹ prostate máa ń tètè bá wa fínra ju àwọn ọkùnrin yòókù lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gba ọkùnrin dúdú láti ẹni 50 ọdún sínú ìwádìí SELECT, nígbà tí àwọn yòókù ní láti pé 55. Ọkùnrin 35,533 ló wà níbẹ̀. Èrò wọn ni pé fítámì E, 400 lójúmọ́ ní ìwọ̀n IU tí wọ́n ń kọ sára ìgò, á dènà jẹjẹrẹ yìí. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2011, àwọn tó lo fítámì E nìkan ni jẹjẹrẹ prostate pọ̀ láàárín wọn jù, ó fi ìdá 17 nínú 100 ju ti àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. 400 yẹn náà ni ẹ ó rí lára ọ̀pọ̀ ìgò fítámì E ní ṣọ́ọ̀bù títí dòní. Lọ́dún 2022, ìgbìmọ̀ oníṣègùn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo beta-carotene tàbí fítámì E láti fi dènà jẹjẹrẹ tàbí àìsàn ọkàn. (Mi ò sọ̀rọ̀ nípa folic acid tí aláboyún ń lò, tàbí fítámì tí dókítà yín fúnra rẹ̀ kọ fún yín o. Ìyẹn yàtọ̀.)

Ẹ lè béèrè pé, ṣé ìjọba kò mọ̀ ni? Òfin kan wà tí wọ́n ṣe lọ́dún 1994. Ó ní ẹni tó ń ta supplement kò nílò láti mú ẹ̀rí lọ síwájú FDA pé ó ń ṣiṣẹ́ kó tó gbé e sọ́jà, bí ẹni tó ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. Ó lè kọ ọ́ pé "ó ń ran ọkàn lọ́wọ́", kò kàn gbọdọ̀ kọ ọ́ pé ó ń wo àrùn sàn. Ẹ yí ìgò náà padà, ẹ ó rí i ní lẹ́tà wínníwínní: FDA kò yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, a kò sì ṣe é láti wo àrùn kankan sàn. Ohun tí ẹni tó ń tà á fún yín ń fẹnu sọ ní pálọ̀ kì í bá lẹ́tà wínníwínní yẹn mu. Àwọn mìíràn á fi nọ́ńbà ORAC han yín pé tiwọn ló ga jù. Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ ló gbé àkójọ nọ́ńbà yẹn jáde, àmọ́ lọ́dún 2012 wọ́n yọ ọ́ kúrò, torí pé nọ́ńbà inú ife àyẹ̀wò kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ènìyàn, àwọn oníṣòwò sì ń lò ó ní ìlòkulò.

Ní Texas wa níbí, ìjọba ìpínlẹ̀ pe Mannatech lẹ́jọ́ lọ́dún 2007. Kì í ṣe antioxidant ni olórí ọjà wọn, ṣúgà inú ewéko ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìtajà kan náà ni: ẹnì kan á tà fún ẹnì kejì, wọ́n á sì máa jẹ́rìí pé ó wo jẹjẹrẹ sàn. Wọ́n parí ẹjọ́ náà lọ́dún 2009, ilé iṣẹ́ náà sì gbà láti dá mílíọ̀nù 4 dọ́là padà fún àwọn oníbàárà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan kún un, iṣẹ́ mi kúkú ni. Ìdílé kan wá bá wa nítorí rẹ́ǹtì tó ti wọlé sí wọn lọ́rùn. Nígbà tí a tú ìwé báǹkì wọn wò, a bá omi èso kan níbẹ̀, dọ́là 40 ìgò kan. Ọkọ àti ìyàwó ń mu ún, ounce méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Ìgò náà kò ju ounce 25 lọ, ọjọ́ mẹ́fà ni ẹnì kan fi ń mu ún tán. Lọ́dún kan ìyẹn á tó ìgò 58 fún ẹnì kan, dọ́là 2,320; fún ẹni méjì, dọ́là 4,640. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù ju owó lọ ni pé ọkọ ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì, torí wọ́n sọ fún un pé omi èso náà ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, zobo wà nílẹ̀. Òdòdó ìṣápá pupa ni, ẹ̀gbọ́n ìṣápá funfun tí à ń fi ẹ̀gúsí sè. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Tufts ní Boston fún àwọn ènìyàn ní tíì rẹ̀, ife mẹ́ta lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn 65 ló wà nínú ìwádìí náà, ìfúnpá wọn ti ga díẹ̀, wọn kò sì tíì máa lo oògùn. Nọ́ńbà òkè wálẹ̀ pẹ̀lú 7.2 fún àwọn tó mu ún, àti 1.3 péré fún àwọn tó mu omi aláwọ̀ tó jọ ọ́. Ilé iṣẹ́ tíì kan wà lára àwọn tó náwó sí i, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, àwọn ènìyàn náà kò sì pọ̀. Síbẹ̀ ìwádìí gidi ni. Gíráàmù 1.25 ni wọ́n fi sínú ife kan. Ife mẹ́ta jẹ́ gíráàmù 3.75, nítorí náà àpò tó wọn pọ́n-ùn kan (gíráàmù 454) á tó ẹnì kan fún ọjọ́ 121, oṣù mẹ́rin. Ẹ fi iye tí ẹ rà á pín in wò. Bí ẹ ò bá rí i ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Mẹ́síkò, "flor de jamaica" ni wọ́n ń pè é. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ òkè ọya nílé ló ti wá, torí Mẹ́síkò ti ra púpọ̀ lọ́wọ́ Nàìjíríà.

Àmọ́ zobo ti àríyá kọ́ o! Èyí tí a da ṣúgà sí títí tó fi ń lẹ̀ mọ́ ètè, ṣúgà ló jẹ́. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà ní kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ má ju ṣíbí tíì mẹ́fà lọ lóòjọ́ fún obìnrin, mẹ́sàn-án fún ọkùnrin. Ata ilẹ̀, kànáfùrù àti díẹ̀ nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti tó o dùn. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kó sọ fún dókítà pé òun ń mu zobo, torí méjèèjì lè jọ fa ìfúnpá wálẹ̀ jù. Kí aláboyún fi í sílẹ̀.

Tíì náà dára, aláwọ̀ ewé àti dúdú. Àmọ́ tíì aláwọ̀ ewé tí wọ́n fún pọ̀ sínú kapusú fún ìsanra kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí inú ife. Ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kó má mu tíì pẹ̀lú oúnjẹ, torí kì í jẹ́ kí ara gba iron inú ẹ̀fọ́ dáadáa.

Ẹ̀yin tó ń lo Lone Star Card, ẹ wo ẹ̀yìn páálí kí ẹ tó dé ibi ìsanwó. Bí wọ́n bá kọ "Supplement Facts" síbẹ̀, food stamp kò ní san án. Ní ti owó orí, IRS kò gbà pé kí ẹ ka supplement mọ́ owó ìtọ́jú, àyàfi bí oníṣègùn bá ní kí ẹ lò ó fún àìsàn kan pàtó tó ti rí lára yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe táásì fún yín tì í wọ Schedule A.

Bí ẹ bá fẹ́ rí dókítà, ẹ kó gbogbo ìgò tí ẹ ń lò sínú àpò kan, agbo náà ńkọ́, ẹ kó o lọ. Ẹ má tijú. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ bá ń lo fítámì E, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín tàbí bí ẹ bá ń lo warfarin, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Ẹni tó dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí pé kò sí ìnṣọ́ránsì, kó wá rí wa ká jọ kọ fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ Harris Health, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Gold Card. Kó mú káàdì ìdánimọ̀, ìwé owó oṣù àti ìwé tó fi hàn pé Harris County ló ń gbé dání.