Bí Omi Kànga Bá Ti Ń Níyọ̀: Ìkìlọ̀ fún Ará Ọ̀yìngbò àti Gbogbo Etí Ọ̀sà

Bí omi kànga ilé yín bá ti ń níyọ̀ lẹ́nu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má ṣe rò pé sísè ló máa tún un ṣe. Iná ń pa kòkòrò àìsàn inú omi, kò lè lé iyọ̀. Bí omi ṣe ń hó tó ń gbẹ nínú ìkòkò ni iyọ̀ inú èyí tó kù ń le sí i. Álọ́ọ̀mù kò lè lé e, kílórìnì kò lè lé e, asẹ́ omi orí tábìlì náà kò lè lé e. Ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ àti iná tó ń jẹ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé tí ayálégbé kún inú rẹ̀. Ohun tó kù fún wa ni ká má jẹ́ kí iyọ̀ ráàyè wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń gbé láti Ọ̀yìngbò dé Òtò, Ìdó, Èbúté-Mẹ́ta títí dé Makókó, nítorí ẹ̀bá ọ̀sà la wà. Ọ̀sà Èkó kì í dùn látìgbà dégbà. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn máa ń rọ́ wọ inú rẹ̀, wọ́n á lé iyọ̀ sẹ́yìn. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi odò á fà, omi òkun á gba ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọlé, ọ̀sà á sì níyọ̀. Àwọn apẹja Makókó mọ èyí dáadáa.

Yanrìn ló pọ̀ jù lábẹ́ ilẹ̀ wa, inú yanrìn yẹn ni omi òjò ń rìn sí. Omi dídùn ló máa ń wà lókè, omi iyọ̀ á wà nísàlẹ̀, nítorí omi iyọ̀ wúwo jù ú lọ. Badon Ghijben tó jẹ́ ará Họ́lándì ló ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1880, Herzberg ará Jámánì sì tún ṣe é ní 1901: bí omi dídùn inú ilẹ̀ bá fi mítà kan ga ju ojú òkun lọ, ó máa jìn tó nǹkan bí 40 mítà sísàlẹ̀ ojú òkun kí ó tó kan omi iyọ̀. Ẹ wá yí i padà kí ẹ wò ó. Tí a bá fa omi títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀ ní mítà kan péré, omi iyọ̀ lè máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó 40 mítà. Kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọdún púpọ̀ lè kọjá kí ẹnu tó mọ̀ ọ́n, ọdún tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sì lè gbà kí ilẹ̀ tó fọ iyọ̀ náà dànù.

Wọ́n máa ń sọ pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Omi abẹ́ Ọ̀yìngbò mọ gbogbo ẹni tó wá. Ilé ìtura tó ń tan pọ́ǹpù tọ̀sán-tòru, ilé tí wọ́n ti ń ṣe piọ́wọ́tà, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ẹni tó ń rọ omi sí kẹ́ẹ̀gì fún mẹ́ruwà, inú yanrìn kan náà ni gbogbo wọn ti ń fà á. Kò sí ògiri lábẹ́ ilẹ̀ tó pààlà sáàárín omi tiyín àti ti aládùúgbò yín.

Ẹ má pe èyí ní àsọtẹ́lẹ̀ burúkú lásán. Ní Apápá, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí, àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi tí wọ́n ń fà lọ́pọ̀ yanturu ló jẹ́ kí omi òkun ráàyè wọ inú omi dídùn. Ní 2009, onímọ̀ kan, Adepelumi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí Lẹ́kkí. Wọ́n fi iná mànàmáná wádìí abẹ́ ilẹ̀ láìgbẹ́ ẹ, wọ́n sì rí ibi tí iyọ̀ ti wọ inú omi dídùn. Ní Godomey, níbi tí wọ́n ti ń fa omi fún ìlú Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn kànga tó súnmọ́ adágún Nokoué ló kan iyọ̀. Adágún yẹn àti ọ̀sà tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: odò ń wọ̀ ọ́ níwájú, òkun ń wọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni èyí tí a máa ń ṣe nígbà tí omi bá ti yí adùn padà. Onílé á pe àwọn agbẹ́kànga, á ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ṣùgbọ́n jíjìn nìkan kò túmọ̀ sí omi dídùn ní ilẹ̀ Èkó. Yanrìn olómi dídùn lè wà lókè, kí amọ̀ tẹ̀lé e, kí yanrìn olómi iyọ̀ wá wà lábẹ́ amọ̀, kí dídùn tún wà nísàlẹ̀ pátápátá. Agbẹ́kànga tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ máa fi símẹ́ǹtì dí àyíká páìpù níbi tó ti la ipele iyọ̀ kọjá. Owó ńlá ni, ojú kì í sì í rí i nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fò ó. Tí wọn kò bá dí i, ihò yẹn ti di ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú omi dídùn. Onílé kan ló sanwó, gbogbo òpópó ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í pé: ipele wo lo ti bá iyọ̀, kí lo sì fi dí i? Ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé fún yín. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ilẹ̀ yín. Kànga ẹ̀rọ tí ẹ kò lò mọ́, símẹ́ǹtì ni kí ẹ fi dí i, ẹ má da pàǹtí sí i.

Ẹ má dúró de ahọ́n. Òfin omi mímu Nàìjíríà fàyè gba 250 mílígíráàmù chloride nínú lítà kan, òun ni èròjà kan tó pọ̀ jù nínú iyọ̀. Lítà omi òkun kan ṣoṣo, tí a bá dà á sínú kẹ́ẹ̀gì omi dídùn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 25, ti tó láti gbé e dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní TDS meter, a lè tì í bọ inú ife omi, á sì fi iye ohun tó yòrò sínú rẹ̀ hàn. Tó bá kọjá 500, ẹ gbé omi náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹ ní kí wọ́n wo chloride, kí wọ́n sì wo nitrate, nítorí omi sókawéè náà máa ń mú iyọ̀ wọ kànga, ìyẹn tún ní ewu tirẹ̀. Omi tó pọ́n bí ìpẹtà kì í ṣe omi oníyọ̀. Irin ló wà nínú rẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú tó yàtọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin kí òjò tó dé, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Tí iye náà bá ń gòkè lọ́dún dé ọdún, iyọ̀ ti ń bọ̀, kódà bí omi ṣì dùn lẹ́nu.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ sodium tó ju gíráàmù 2 lọ lójúmọ́. Ẹni tó ń mu lítà mẹ́ta omi tí sodium inú rẹ̀ jẹ́ 200 mílígíráàmù nínú lítà kan, tó jẹ́ ìwọ̀n tí òfin wa fàyè gbà, ti lo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gíráàmù 2 yẹn kó tó jẹun rárá, kó tó kan máàgì inú ọbẹ̀. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín má mu omi oníyọ̀. Ní etíkun Bangladesh, ìwádìí fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún wọ́pọ̀ láàárín àwọn aboyún tí omi mímu wọn níyọ̀ jù. Ẹ má sì fi omi oníyọ̀ po mílíìkì ọmọ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn bíríkìlà: omi oníyọ̀ kò gbọdọ̀ wọ kọnkéré tó ní irin nínú. Iyọ̀ máa jẹ irin náà láti inú wá, ògiri á ṣì máa dán lójú.

Tí iyọ̀ bá ti hàn, ẹ dín wákàtí pọ́ǹpù kù. Ẹ má ra èyí tó lágbára jù ú lọ. Ẹ gba òjò sínú táǹkì, ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ òrùlé ná. Ẹ má fi ìńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ojú ilé, òjò tí kò wọlẹ̀ kò lè ti iyọ̀ sẹ́yìn. Bí ẹnìkan bá ń gbẹ́ kànga ńlá ládùúgbò yín fún òwò, ẹ fi tó LASWARCO létí, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Láti 1915 ni omi ẹ̀rọ ti ń ti Ìjú wá sí Èkó, ibùdó omi Àdìyàn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Omi odò Ògùn tí wọ́n ń fà síbẹ̀ ló lè gbé ẹrù yìí kúrò lórí yanrìn abẹ́ ilé wa. Nígbà tí àwọn olóṣèlú bá tún dé ọjà Ọ̀yìngbò láti tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè oṣù tí páìpù máa gbé omi dé òpópó yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n dáhùn níwájú àwọn ìyálọ́jà.