Ibà Pọ́njú: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìrọ̀rùn Ọjọ́ Kan Tàn Yín Jẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa nọ́ọ̀sì máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá: "Nọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ ti yá lánàá, ìdí nìyẹn tí a kò fi gbé e wá." Nínú ibà pọ́njú tí ẹ̀fọn ń tàn kálẹ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ bá pọ́n ni àrùn yìí mú. Ibà lásán àti àrùn ẹ̀dọ̀ mìíràn lè fà á. Èyí tí à ń wí ní kòkòrò tirẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ara ọ̀bọ inú igbó ni ó ń gbé. Ẹ̀fọn a gbé e fún àgbẹ̀ tàbí ọdẹ, ẹni náà a gbé e wọ ìlú, ẹ̀fọn ilé a sì gbà á lára rẹ̀. Ọ̀sán ni ẹ̀fọn yìí ń jẹ ènìyàn, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì orí ibùsùn nìkan kò tó. Omi tó mọ́ ni ó ń yé sí: inú àmù, dúrọ́ọ̀mù, agolo àti táyà tí òjò rọ sí.

Ẹ má rò pé ọ̀nà jíjìn ni. Ní 1987 ó jà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní September 2017 a rí i lára ọmọbìnrin ọlọ́dún 7 kan ní Ìfẹ́lódùn, ní ìpínlẹ̀ Kwárà tí í ṣe aládùúgbò wa. Àwọn ará Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó sì ń ná ọjà, wọ́n ń ṣe oko, ní ìhà ibẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ 3 sí 6 tí ẹ̀fọn ti jẹ ènìyàn, ara a gbóná, orí àti ẹ̀yìn a máa dunni, èébì a dé. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ara a rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a yá pátápátá. Ṣùgbọ́n fún àwọn mìíràn, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ibà a padà pẹ̀lú agbára. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ó bá bàjẹ́, ojú a pọ́n, ẹ̀jẹ̀ a máa yọ ní imú àti ẹnu, èébì a dúdú. Kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀, ìtọ̀ a sì wọ́n. Nínú àwọn tó bá dé ipò yìí, ìdajì ni ó ń kú láàárín ọjọ́ 7 sí 10.

Kò sí oògùn tí ń pa kòkòrò náà. Ìtọ́jú ilé ìwòsàn ni ó ń gbé ara ró. Ẹ tètè gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín; bí ọ̀rọ̀ bá le, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Ẹ má fún un ní aspirin, nítorí ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà sí i. Ẹ má sì ki àgbo bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn kò lè gbé e.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún ọjọ́ ayé ènìyàn. Láti 2004 ni a ti ń fún ọmọ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ yẹ káàdì ọmọ yín wò lónìí. Àgbàlagbà tí kò tíì gbà á náà lè gbà á, ṣùgbọ́n kí aboyún, ẹni tí ẹyin adìẹ kò bá lára mu, àti ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ẹ bo àmù yín, ẹ da omi inú agolo àti táyà nù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa fi kànìnkànìn fọ inú dúrọ́ọ̀mù, nítorí ẹyin ẹ̀fọn a máa lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lè gbẹ fún oṣù púpọ̀ láìkú. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.